Oògùn Ajá

Ẹ̀wà ti jinná, ẹni tó sè é ni kò lè dìde nílẹ̀.

Elwood Hupper jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹ̀wà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó di ṣọ́bìrì mú. Ó ti kó iyẹ̀pẹ̀ àti eérú kúrò lórí ìkòkò irin tó ti rì mọ́lẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ohun tó kù ni kó fi ìwọ̀ fa ìkòkò náà jáde, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti wà láyé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á, òòyì kọ́ ọ, ó fi ìdí kanlẹ̀.

Glenys, ìyàwó rẹ̀, rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná níbi tó ti ń rẹ́ kábéèjì. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde sí i.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe mí. Mo ń sinmi ni."

"Ta ló ń sinmi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí? Wo ojú rẹ, kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

"Ooru iná ni."

"Iná ti kú láti àárọ̀, Elwood."

Tansy, ajá wọn, rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ olówó rẹ̀. Irun ajá náà ń dán, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ní gbogbo Harlow, létí òkun Maine, kò sí ajá tí wọ́n ń tọ́jú tó o. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán lọ́dọọdún, Elwood á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fọ eyín rẹ̀, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí àìsàn eégbọn mú un. Elwood alára kò tíì fojú kan dókítà láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ sàdíìnì ti kógbá sílé tí ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó dókítà fún un sì bá a lọ. Eyín rẹ̀ tó dùn ún lọ́dún tó kọjá, inú gáréèjì ló ti fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó sì ń fi í fọ́nnu fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

"Mo sọ fún ọ nínú oṣù kẹfà," ni Glenys wí. "Mo ní kó o lọ rí dókítà."

"Mo lo oògùn."

"Oògùn ta ni?"

Elwood wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilé Arvilla Beal ló tẹ̀ lé tiwọn, bẹ́ẹ̀ Arvilla kì í ti fèrèsé nígbà ooru. "Rọra sọ̀rọ̀," ló wí.

Ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nìyí. Àwọn olówó tó ń ti Boston wá lo ìgbà ooru létí òkun ni Elwood ń bá tọ́jú ilé, òun ló ń gé koríko wọn, òun ló ń ṣán igbó tó bá fẹ́ dí wọn lójú kí wọ́n lè máa rí omi. Ó ṣán ọ̀kan tán nínú oṣù kẹfà, Glenys bá rí òrùka pupa kan lẹ́yìn itan rẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo. Ibà mú un, gbogbo oríkèé ń ro ó. Kò sí ẹni tí kò mọ òrùka yẹn ní Maine, àmì pé eégbọn ti buni jẹ ni, ọmọ jéléósinmi mọ̀ ọ́n. Elwood na ọwọ́ sórí fíríìjì, ó mú ìgò oògùn tó ṣẹ́kù lọ́dún tí àìsàn eégbọn ṣe Tansy kí wọ́n tó máa fún un lábẹ́rẹ́. Ó ní oògùn kan náà tí wọ́n ń fún ènìyàn ni, orúkọ ajá ni wọ́n kàn kọ sí i lára. Ó gbé díẹ̀ mì. Ibà lọ, òrùka pa rẹ́, ó bá dé ìgò padà. Glenys ní kó mu ún tán.

"Tí àìsàn bá tún ṣe Tansy ńkọ́?" ni Elwood dáhùn, ó sì gbé ìgò padà sórí fíríìjì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ya wọ àgbàlá. Darcy ni, ọmọbìnrin wọn, ó wá gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ sí gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀, níbi tí gbogbo ìlú ti fẹ́ jẹun ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo baba rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

"Dádì, ìjókòó wo nìyẹn?"

"Ìjókòó àgbà ni. Wá bá mi fa ìkòkò."

Darcy fà á, Glenys bá a dì í mú, ìkòkò jáde tòun ti òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti oyin ìrèké. Elwood dìde, ó di ara ọkọ̀ mú, ó dúró díẹ̀ kó tó lè gbé ẹsẹ̀ kejì. Darcy ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká gba ọsibítù kọjá."

"Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, o ní kí adìẹ wá bá a já a," ni Elwood wí. "Adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lòun. Èmi ò lọ."

"Ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ owó."

"Wo Durward Simmons. Wọ́n ṣí àyà rẹ̀, wọ́n tún un dì. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò lẹ́gbẹ́. Ilé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà. Nítorí kí ni mo ṣe ń se ẹ̀wà látàná? Nítorí Durward ni. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wo bàtà rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí Harlow jẹ ẹ̀wà lé mi lórí. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Darcy yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Glenys ti ṣèlérí fún Elwood pé òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ oògùn ajá fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ fún Darcy tí ẹnu rẹ̀ mú. Ó nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Jẹ́ ká máa lọ," ló wí, "kí ẹ̀wà má baà tutù."

Wọ́n lọ. Elwood jókòó sáàárín wọn nínú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó ń kọrin orílẹ̀-èdè. Glenys rí ọwọ́ náà, ó yíjú sí ojú ọ̀nà.

Ní Harlow, bí àìsàn bá ṣe ọ́, àwọn aládùúgbò á jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, ọsibítù á kó ìwé owó ránṣẹ́, ìlú á sì péjọ, wọ́n á jẹ ẹ̀wà àti sọ́séèjì pupa, wọ́n á fi páì búlúbẹ́rì lé e, wọ́n á ju owó sínú agolo lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti jẹun fún kíndìnrín, wọ́n ti jẹun fún egungun ìbàdí, wọ́n ti jẹun fún ìkókó tí kò pé oṣù. Kò sí ẹ̀yà ara tí wọn ò tíì jẹun fún. Owó agolo kò sì tíì san tán fún ẹnì kan rí, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn á lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó yó àti ọkàn tó balẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú apẹ̀rẹ̀ aláìsàn wò ní ilé ìtajà, láti mọ ohun tó ń fi ẹ̀wà àwọn rà.

Arvilla Beal ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agolo kọfí. Durward Simmons jókòó síwájú bí ọkọ ìyàwó, ó ṣí bọ́tìnnì méjì lókè kí àpá àyà rẹ̀ lè hàn, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fojú rí ohun tí wọ́n sanwó fún. Glenys gbé abọ́ kábéèjì kalẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Àwọn obìnrin méjì tó ń gé búrẹ́dì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

"Ṣé bàtà tuntun ni Durward wọ̀ yẹn?"

"Ó jọ tuntun lójú mi."

"Ẹ̀wà wa ló kì bọ ẹsẹ̀ yẹn."

"Ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un, ó ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni."

"Kí ọmọ rẹ̀ lọ san owó ọsibítù nígbà náà."

"Ṣé o rántí obìnrin kíndìnrín? Kò pé oṣù kan tí a jẹun fún un, mo rí i pẹ̀lú àìsìkiriìmù."

"Oníṣokoléètì?"

"Oníṣokoléètì! Ike ńlá!"

Wọ́n mi orí. Glenys ń pín kábéèjì, ó ń gbọ́. Ó mọ̀ pé bó bá lọ, òun náà ni wọ́n máa kàn, bó bá sì dúró, wọ́n á fi ẹlòmíràn ṣe é. Ó dúró.

Elwood wà nídìí ìkòkò, ó ń bu ẹ̀wà sí àwo. Gbogbo wọn ló ń yìn ín. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń se ẹ̀wà bí i tirẹ̀, wọ́n ní ẹ̀wà baba rẹ̀ gan-an nìyí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Glenys rí i pé bó bá bu àwo kan tán, á di etí tábìlì mú kó tó bu èkejì, òógùn sì ti rin ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbindin. Ó sún mọ́ ọn.

"Jẹ́ kí Darcy gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Kúrò lẹ́yìn mi, Glenys. Wọ́n ń wò wá."

Durward dìde wá bu ẹ̀ẹ̀kejì. Elwood rọ ṣíbí ńlá kún, ó gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Ojú rẹ̀ yí sókè, ètè rẹ̀ là. Ẹ̀wà àti omi rẹ̀ dà sórí bàtà Durward ní gbuuru. Kí Glenys tó di apá rẹ̀ mú, ojú Elwood ti padà sípò, ó ń wo ṣíbí tó ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Elwood! Bàtà mi!"

"Ẹ̀wà ti dé ibi tó ń lọ," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin búrẹ́dì sọ, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Renée Ouellette, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọkọ̀ agbáláìsàn ìlú, wà nínú àwọn tó ń jẹun. Ọkọ̀ náà wà níta lábẹ́ igi, nítorí àwọn tó ń wà á náà fẹ́ràn ẹ̀wà. Renée gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó wá fi àga ti Elwood lẹ́yìn, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo aago. Ó tún wo aago.

"Ọ̀gbẹ́ni Hupper, ó ti tó ìgbà wo tí òòyì ti ń kọ́ yín?"

"Òòyì kankan ò kọ́ mi. Ooru ni."

"Kọfí ni," ni Arvilla kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ń mu kọfí jù, mo máa ń rí i láti fèrèsé mi."

"Ebi ni, àwọn tó ń se oúnjẹ kì í jẹun."

"Àbí ọkàn Durward ló ràn án?"

Durward ń fi aṣọ nu bàtà rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Oúnjẹ tirẹ̀ ni, ọkàn tirẹ̀ ni wọ́n péjọ fún, èèyàn míì ti wá fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ti ọkàn kọ́ nìyẹn," ló wí. "Mo mọ ti ọkàn. Tèmi ń sáré ni, kì í dúró lójú kan báyìí."

"Tiwọn ló ń dúró," ni Renée dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. "Ó ń lù, ó ń dúró, ó tún ń lù. Ó ti lọ́ra jù. Ọ̀gbẹ́ni Hupper, ṣé eégbọn ti bù yín jẹ lọ́dún yìí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. "Béèrè èyí tí kò tíì bù wá jẹ, ìyẹn ni kò pọ̀!" ni ẹnì kan kígbe.

"Ṣé ẹ rí òrùka pupa lára yín?"

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Elwood wí, ó sì gbójú lé Glenys.

Glenys mọ ojú yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì ja Elwood níyàn níta rí. Nínú ilé ìdáná wọn, ó lè sọ ọ́ di nǹkan tí ajá ò ní jẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wo Arvilla tó ti na ọrùn gùn. Ó wo àwọn obìnrin búrẹ́dì. Bó bá la ẹnu báyìí, Harlow á máa gbó bí ajá sí Elwood níbikíbi tó bá dé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bó bá sì pa ẹnu dé, ọjọ́ ikú náà lè má jìnnà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Inú bí i sí Elwood, inú bí i sí ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

"Ó rí i," ló wí. "Èmi gan-an ni mo rí i, lẹ́yìn itan rẹ̀, nínú oṣù kẹfà. Kò lọ rí dókítà. Oògùn ajá ló mu."

Láti ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, ẹnì kan gbó bí ajá, ẹ̀rín sì bú gbàù. Wọ́n ń lu tábìlì. Arvilla nu omijé lójú, ó ní, "Abájọ! Mo rí i tó ń yí àgbàlá po, mo rò pé ṣe ló ń wá nǹkan!"

"Mọ́mì," ni Darcy wí, "ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Ojú Renée ni Glenys ń wò. Renée nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n mu ún tán?"

"Kò mu ún tán. Ó fi ìyókù pamọ́ fún ajá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kéré sí ti àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ti rí ojú Renée. "Ó jọ pé àìsàn Lyme, àìsàn eégbọn yẹn, ló ti wọ ọkàn wọn," ló wí. "Ọ̀gbẹ́ni Hupper, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wà níta. Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí-báyìí."

"Mi ò lọ. Àbí ẹ lè fi tipá gbé mi?"

"Rárá o. Bí ẹ bá ní ẹ ò lọ, a ò lè fi tipá gbé yín."

"Ó tán." Elwood dìde, ó fi fìlà dé orí. Ó wo Glenys bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "O tà mí," ló wí. "O tà mí níwájú gbogbo ayé." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn lọ gangan, kò wo ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn sì yà fún un.

Ó dé ọ̀dọ̀ Arvilla, ó ṣubú. Kò fi ọwọ́ ti ara rẹ̀, kò ké. Èjìká rẹ̀ gbá agolo kọfí dànù, owó fọ́n káàkiri ilẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn sáré bẹ̀rẹ̀, ká sọ tòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí Glenys tó mọ̀ pé owó ni àwọn kan ń ṣà.

Renée ti wà lórí eékún. Ó fi ìka sí ọrùn Elwood, ó fi etí sí imú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láyà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré jáde lọ gbé ẹrù wọn. Glenys kúnlẹ̀ sápá kejì. Ojú ọkọ rẹ̀ ti di búlúù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹnu rẹ̀ là. Ọkùnrin tó ní ikú yá ju ẹ̀sín, ikú ló dé yìí, kò sì lẹ́wà rárá. Glenys pe orúkọ rẹ̀, ó tún pè é. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Durward alára ti di bọ́tìnnì rẹ̀.

Elwood fa èémí kan wọlé, ó ní ariwo. Ó tún fa òmíràn. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sójú rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Renée dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè sí Glenys, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ gbé e," ni Glenys wí. "Ẹ gbé e kó tó ráyè sọ̀rọ̀."

Wọ́n gbé e.

Ní ọsibítù, wọ́n gba iṣan ọrùn rẹ̀ ti wáyà kan wọ inú ọkàn rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ta ọkàn náà jí bó bá fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi oògùn sínú omi tó ń kán sí i lápá. Dókítà tó wá bá Glenys àti Darcy ní ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ obìnrin tó ti rẹ̀, ó fi ìkúùkù méjèèjì lé ara wọn kó fi ṣàlàyé.

"Ọkàn ní yàrá òkè, ó ní yàrá ìsàlẹ̀. Ti òkè ló ń pàṣẹ, ti ìsàlẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Kòkòrò tí eégbọn gbé wọ ara wọn ti dí ojú ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà. Òkè ń pè, ìsàlẹ̀ ò gbọ́."

"Bí ìjọba ṣe ń ṣe sí wa nìyẹn," ni Glenys wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló máa ń san, ó ní bí oògùn bá ti pa kòkòrò náà, ọ̀nà á là padà, wọ́n á sì yọ wáyà. Ó ní bí wọ́n bá pẹ́ sí i lónìí, òun ò mọ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ó gba oògùn lọ́wọ́ dókítà nínú oṣù kẹfà, tó sì mu ún tán ńkọ́?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Oògùn oníhóró lásán ni, ìyá. Kò wọ́n."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń fún àwọn ajá."

"Kò tíì sí ti ènìyàn lọ́jà."

Glenys mi orí. Darcy fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Glenys wọlé tọ ọkọ rẹ̀. Elwood ti la ojú, ó ń wo òkè àjà. Glenys kò tíì jókòó tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ohùn Arvilla ni, ohùn náà sì ga débi pé gbogbo yàrá ló ń gbọ́ ọ.

"Glenys, ṣé ó ti jí? A dúpẹ́! Má bẹ̀rù, a ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yín lórí. Oúnjẹ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló ni oṣù kẹjọ, kò ṣeé yẹ̀. Ẹ̀yin la fi sí oṣù kẹsàn-án. Durward ti ní òun á se ẹ̀wà!"

"Durward ò mọ ẹ̀wà sè," ni Elwood wí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ṣeun, Arvilla," ni Glenys wí, ó sì pa fóònù.

Elwood yí ojú sí i. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká. "Ṣé o gbọ́? Oṣù kẹsàn-án. Wọ́n á wá wo ọrùn mi. Wọ́n á wo bàtà mi. Ọmọdé á máa gbó sí mi lójú ọ̀nà."

"Wọ́n á gbó."

"Ìwọ lo fà á."

"Èmi ni."

"Mo ní kó o má sọ ọ́, o sọ ọ́. Mo ní mi ò lọ, o ní kí wọ́n gbé mi." Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó lè dùn ún, kò rí i. "Mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, Glenys. Mo fi ẹnu mi sọ ọ́."

Ó yí ojú sí ògiri, ibi tí wáyà bá a dé ló dúró sí, ó sì ń fọn imú. Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé, ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí ògiri, ó wo aláìsàn.

"Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sókè. Ṣé wọ́n ń jẹ̀rora ni?"

"Rárá," ni Glenys wí. "Inú ló ń bí i."

"Ó yẹ ká pẹ̀tù sí wọn nínú."

"Ẹ má pẹ̀tù sí i," ni Glenys wí. Omi ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Òkú kì í bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú tẹ́rùn."

Ó fa àga sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó jókòó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń fọn imú.